Ẹ̀kọ́ Lórí Ọgbà Igi Eléso ní Àyíká Ilé

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí a fẹ́ kí a jọ rò nípa iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń dáwọ́ lé, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba díẹ̀ ń ṣe yọrí. Iṣẹ́ náà ni gbígbin igi eléso sí àyíká ilé. Kò sí ọdún tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí a kì í rí àwọn olórí ilé, àwọn olùkọ́, àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọkọ́ àti ọmọ igi lọ́wọ́. A ń gbẹ́ ihò, a ń gbin igi, a ń pàtẹ́wọ́, olúkúlùkù sì ń lọ sí ilé rẹ̀. Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní ọdún tí ó tẹ̀lé e bá dé, bí a bá padà lọ wo ibẹ̀, igi gbígbẹ ni a ó bá, tàbí kùkùté tí ewúrẹ́ jẹ kù. Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò dára, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọmọ igi náà burú. Ohun tí ó fà á ni pé a ka gbígbìn sí gbogbo iṣẹ́ náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìpín kékeré ni nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wa: ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbígbìn, ṣùgbọ́n ohun tí a ti rò ṣáájú ọjọ́ náà, àti ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀rùn méjì tí ó tẹ̀lé e, ni yóò sọ bóyá àwa àti àwọn ọmọ wa yóò jẹ èso. Bí ẹnìkan bá gbin àgbàdo sí ibi tí kò yẹ, àdánù oṣù mẹ́ta ni. Bí ó bá gbin mángòrò sí ibi tí kò yẹ, lẹ́yìn ogún ọdún ni yóò tó mọ̀, nígbà tí àdá kò ní lè tún un ṣe mọ́ láìṣe pé a gé igi náà lulẹ̀.

I. ÀWỌN TÍ Ó GBÌN ṢÁÁJÚ WA

Ó yẹ kí a rántí pé ọ̀pọ̀ nínú igi tí a ń pè ní tiwa lónìí ni ó jẹ́ àlejò nígbà kan rí. Ọmọ bíbí ilẹ̀ wa ni àgbálùmọ̀, obì àti iṣin. Ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn ni mángòrò ti wá. Láti apá ìlà-oòrùn Éṣíà ni ọsàn ti wá. Láti àwọn ilẹ̀ gbígbóná ti Amẹ́ríkà sì ni ìbẹ́pẹ, píà, gúáfà àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnìkan ni ó rù ú wá, ẹnìkan ni ó gbìn ín, ẹnìkan sì ni ó bomi rin ín. Ní ọdún 1887, nígbà ìjọba Gómìnà Alfred Moloney, a dá ọgbà ìjọba kan sílẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní Èkó, níbi tí a ti ń dán onírúurú igi wò bóyá wọn yóò ṣe dáadáa nínú ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1975 ni a dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí èso àti ewébẹ̀, tí a mọ̀ sí NIHORT, sílẹ̀ ní Ìdí-Iṣin ní Ìbàdàn.

Ẹ kíyèsí orúkọ ibẹ̀: Ìdí-Iṣin. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìdí-Mángòrò wà ní Èkó. A ti gbàgbé orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó sí abẹ́ àwọn igi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n orúkọ igi náà ti di orúkọ àdúgbò. Irú iṣẹ́ tí gbígbin igi jẹ́ nìyí: ó máa ń pẹ́ ju ẹni tí ó ṣe é lọ. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí a fi ìkánjú ṣe é.

II. TA NI Ó NI ILẸ̀ NÁÀ?

Èyí ni ìbéèrè tí ó ṣáájú gbogbo ìbéèrè. Ní ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà àwọn bàbá wa, ọ̀tọ̀ ni àgbàdo àti iṣu, ọ̀tọ̀ sì ni igi tí ń pẹ́ nílẹ̀. A lè fún àlejò ní ilẹ̀ kí ó fi dá oko oúnjẹ, kí ó sì kórè rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ọsàn, obì tàbí kòkó sí i láìgba àṣẹ, àwọn onílẹ̀ yóò bi í léèrè, nítorí pé igi tí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀ a máa di ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tí ó gbìn ín. Kì í ṣe ìkanra ni ó mú wọn bèèrè. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹni tí ó gbin igi lè wá sọ lọ́la pé bàbá òun ni ó ni ilẹ̀.

Nítorí náà, ayálégbé tí ó fẹ́ gbin igi, kí ó kọ́kọ́ tọ onílé lọ. Ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ ẹbí, kí ó sọ fún olórí ẹbí. Kí wọn fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa ká èso náà, àti lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí igi náà bí ẹni tí ó gbìn ín bá kó lọ. Kí wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Bákan náà, bí igi yóò bá súnmọ́ ààlà, ẹ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀ nígbà tí igi náà ṣì kéré, nítorí pé ẹ̀ka kò mọ ààlà, bẹ́ẹ̀ ni ewé kò bèèrè kí ó tó já bọ́ sí àgbàlá ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ kan ni yóò parí rẹ̀ nísinsìnyí. Bí ó bá di ogún ọdún, ó lè di ẹjọ́.

III. ÀWÒRÁN ỌGBÀ

Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ẹ mú ìwé, lẹ́ẹ̀dì àti okùn ìwọ̀n. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà: ibi tí ilé wà, ibi tí kànga wà, ibi tí ṣalángá wà, ibi tí wáyà iná gbà kọjá, àti ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà. Ẹ sàmì sí ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tí ó ń wọ̀ sí. Lẹ́yìn tí òjò ńlá bá dá, ẹ jáde lọ wo ibi tí omi dúró sí. Ẹ sàmì sí ibẹ̀ pẹ̀lú. Píà kò lè gbé nínú ilẹ̀ tí omi ń dúró sí, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ yóò jẹrà. Ìbẹ́pẹ pẹ̀lú kò fẹ́ ẹ. Ibi tí ilẹ̀ gbé ga díẹ̀ ni kí a fi fún wọn, kí a sì fi ibi tí ó rọ̀ tí ó sì tutù fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àlàfo tí igi kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Láàrin igi kan àti èkejì rẹ̀, mángòrò ń fẹ́ 30 sí 40 ẹsẹ̀ bàtà. Àgbálùmọ̀, bí 30. Píà àti àgbọn, 25 sí 30. Ọsàn, 20 sí 23. Gúáfà, 16 sí 20. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, 10. Ìbẹ́pẹ, 8 sí 10. Ẹni tí ó bá wo ọmọ igi tí kò ga ju orúnkún lọ yóò rò pé àlàfo yìí ti pọ̀ jù. Kí ó má ṣe wo ọmọ igi náà. Igi tí yóò dà ni kí ó wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé kan jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 60 ní gígùn. Ẹni tí ń kánjú yóò gbin ọsàn sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá, yóò sì rí àyè fún igi 36. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò gbìn ín ní 20-20, igi 9 péré ni yóò sì gbà. Ní ọdún kẹta, ọgbà igi 36 ni yóò dára lójú jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ka wọn bá pàdé, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí ná sókè láti wá oòrùn. Òkè téńté nìkan ni wọn yóò ti máa so, níbi tí ọwọ́ kò tó. Inú ọgbà yóò ṣókùnkùn, yóò sì tutù, àrùn yóò sì rí ibùgbé. Ọgbà igi 9 yóò so láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọgbà ilé jẹ́ ti ọsàn nìkan. Ẹ pín ilẹ̀ 60 ní 60 kan náà sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 ní 30. Ní àárín ọ̀kan nínú ìpín méjì tí ó jìnnà sí ilé, ẹ gbin mángòrò kan. Yóò wà ní ẹsẹ̀ bàtà 15 sí ààlà, yóò sì jìnnà sí ògiri ilé ní 45. Ní àárín èkejì, ẹ gbin píà tàbí àgbálùmọ̀ kan. Nínú ìpín méjì tí ó súnmọ́ ilé, ẹ gbin igi mẹ́ta ní ìlà kan, ní ẹsẹ̀ bàtà 15 sí ògiri ilé, kí 20 sì wà láàrin wọn: ọsàn dídùn méjì àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ igi márùn-ún. Ní àlàfo tí ó kù, ẹ lè gbin ìbẹ́pẹ sí àárín gbùngbùn, kí ẹ sì tẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ẹ̀bá ọgbà. Àwọn wọ̀nyí yóò fún yín ní èso ní ọdún kìn-ín-ní àti èkejì, wọn yóò sì ti parí iṣẹ́ wọn kí àwọn igi ńlá tó nílò àyè. Ẹ lè gbin ẹ̀pà àti ẹ̀wà pẹ̀lú fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbin ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu sí ìdí wọn, nítorí pé ọkọ́ tí a fi ń wu wọ́n yóò gé gbòǹgbò igi.

Èso igi wọ̀nyí kì í pọ́n pa pọ̀. Láti ìparí ọdún dé oṣù kẹrin ni àgbálùmọ̀ ń pọ́n; mángòrò gba ipò rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹfà; píà wà nínú òjò; ọsàn dídùn sì ń pọ̀ láti oṣù kẹwàá lọ. Ẹni tí ó bá fi ọgbọ́n yan igi márùn-ún kì yóò pẹ́ púpọ̀ láìrí èso nínú ọgbà rẹ̀.

IV. ẸNI TÍ YÓÒ PỌN OMI

A wá dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọgbà ti ń kú. Igi tí a gbìn nínú òjò yóò wà láàyè títí òjò yóò fi dá, láìsí ìtọ́jú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ni a ó mọ̀ bóyá ó ní olówó orí. Ọmọ igi kan ń fẹ́ tó garawa omi kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, pàápàá nínú ilẹ̀ oníyanrìn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Igi márùn-ún yóò mu garawa 10 lọ́sẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 20, ó di garawa 200. Ìdílé tí ó ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè ṣe èyí láìrojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbin igi 36 yóò wá garawa 72 lọ́sẹ̀, èyí tí í ṣe 1,440 kí òjò tó tún dé. Ta ni yóò pọn ọ́n?

Nítorí náà, a gbà yín ní ìmọ̀ràn yìí: ẹ yan ẹni tí yóò pọn omi kí ẹ tó gbẹ́ ihò. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí yóò máa pọn ọ́n, kí ẹ sì fi iye igi mọ sí ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Igi méjì tí ó yè sàn ju ogún tí ó gbẹ lọ. Níbi tí omi bá ṣọ̀wọ́n, ẹ lè ri ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ igi, kí ẹ pọn omi kún un, kí ẹ sì fi ọmọrí dé e. Omi yóò máa sun díẹ̀díẹ̀ láti ara rẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, oòrùn kì yóò sì lè fà á gbẹ lórí ilẹ̀.

V. YÍYAN ỌMỌ IGI

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà rí ọmọ igi: nípa kóró àti nípa lílọ́. Ìbẹ́pẹ ń ti inú kóró wá, kò sì burú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kóró ọsàn, ti píà àti ti ọ̀pọ̀ mángòrò lè má jọ ìyá wọn pátápátá, wọn a sì máa pẹ́ kí wọn tó so. Ọsàn tí a fi kóró gbìn lè gba ọdún 6 sí 10. Èyí tí a lọ́ a máa so láàrin ọdún 3 sí 4. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mángòrò àti píà tí a lọ́ ń yá ju ti kóró lọ.

Lílọ́ igi ni kí a gba ojú ẹ̀ka láti ara igi tí èso rẹ̀ dára, kí a sì so ó mọ́ ara ọmọ igi mìíràn tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, títí àwọn méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Ní ti ọsàn, irú ọsàn kíkan kan tí awọ rẹ̀ rí págunpàgun ni a sábà fi ń ṣe ìsàlẹ̀, a sì ń lọ́ ọsàn dídùn, bí irú èyí tí a ń pè ní Agége, mọ́ ọn lókè. Ìsàlẹ̀ ń bá ilẹ̀ jà. Òkè ń so èso.

Bí ẹ bá lọ ra ọmọ igi, ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ẹ wá ojú ibi tí a ti lọ́ ọ. Ó máa ń wú díẹ̀ tàbí kí ó tẹ̀ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ igi. Bí kò bá sí i, kóró ni a tà fún yín. Èkejì, ẹ wo ìdí àpò ọ̀rá rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti yí po bí okùn nínú rẹ̀, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí gíga tàn yín; èyí tí ó ṣe kúkúrú, tí ó sì sanra, tí ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, ni ó sàn jù. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè sọ orúkọ igi ìyá fún yín ni kí ẹ ti ra á.

Ní ti ìbẹ́pẹ, ẹ gbin mẹ́ta sí ihò kan. Nígbà tí wọ́n bá tanná, ẹ ó mọ akọ nípa òdòdó rẹ̀ tí ń rọ̀ wálẹ̀ lórí okùn gígùn. Ẹ fa akọ tu, kí ẹ sì fi ọ̀kan tí yóò so sílẹ̀.

VI. GBÍGBÌN

Oṣù karùn-ún sí ìkeje ni ìgbà tí ó dára jù ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, tí ọmọ igi yóò sì ní oṣù púpọ̀ láti ta gbòǹgbò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹni tí ó gbìn ní oṣù kẹwàá ti jí oṣù wọ̀nyí lọ́wọ́ igi rẹ̀.

Ẹ gbẹ́ ihò ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú, 2 ní gígùn, àti 2 ní jíjìn. Ẹ kó erùpẹ̀ òkè tí ó dúdú sí apá kan, kí ẹ sì kó ti ìsàlẹ̀ tí ó pọ́n sí apá kejì. Ẹ po garawa kan ìgbẹ́ ẹran tàbí ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa mọ́ ti òkè. Ẹ má ṣe lo ìgbẹ́ adìẹ tútù, nítorí pé yóò jó gbòǹgbò. Ní ọjọ́ gbígbìn, ẹ fi àpòpọ̀ yìí kún ihò, ẹ ya àpò ọ̀rá kúrò láìjẹ́ kí erùpẹ̀ inú rẹ̀ fọ́, kí ẹ sì gbé ọmọ igi náà kalẹ̀ kí orí erùpẹ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Ojú ibi tí a ti lọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ó kéré tán. Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, àrùn yóò wọlé síbẹ̀. Ẹ tẹ erùpẹ̀ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, ẹ bomi rin ín kódà bí òjò bá ṣú, kí ẹ sì kó koríko gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí koríko náà kan ara igi, kí ikán má baà rí afárá.

VII. Ẹ̀Ẹ̀RÙN MÉJÌ

Ní ọjọ́ tí a gbin igi ni kí a ṣe ọgbà yí i ká, kì í ṣe ní ọjọ́ kejì. Òru kan péré tó fún ewúrẹ́. Ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún tàbí oparun tí a gún mọ́lẹ̀ yóò tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó ní ìhà ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wá. Ẹ ro ìdí rẹ̀ mọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 yíká, kí ẹ sì ro ẹ̀bá ọgbà pẹ̀lú, nítorí iná ìgbẹ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyèsí. Igi tí a lọ́ a máa rú ẹ̀ka láti abẹ́ ojú ibi tí a ti lọ́ ọ. Ẹ̀ka yìí lẹ́wà, ó sì máa ń yára dàgbà ju ti òkè lọ. Ṣùgbọ́n ti ọsàn kíkan ìsàlẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọsàn dídùn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò gba oúnjẹ mọ́ òkè lọ́wọ́ títí òkè yóò fi kú. Ní ọdún kẹrin, ẹni tí ó ra ọsàn dídùn yóò ká ọsàn kíkan, yóò sì máa bú ẹni tí ó tà á fún un. Ẹ máa wo ìdí igi lóṣooṣù, kí ẹ sì fi ọwọ́ ré irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ṣì rọ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bákan náà, bí igi kékeré bá tanná ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ já òdòdó náà dànù, kí igi lè kọ́kọ́ kọ́ ara rẹ̀.

VIII. NÍGBÀ TÍ IGI BÁ DÀGBÀ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò lọ́dọọdún, ẹ fún igi ní ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà. Kì í ṣe ìdí igi gan-an ni kí ẹ dà á sí, bí kò ṣe abẹ́ ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ nà dé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ń jẹun wà. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ gé ẹ̀ka tí ó kú, èyí tí ó ń fi ara gbo ara, àti èyí tí ó dí ojú oòrùn nínú.

Ẹ ṣọ́ra fún àfòmọ́. Àwọn àgbà wí pé àfòmọ́ kò ní egbò, gbogbo igi ni í bá tan. Ẹyẹ ni ó ń gbé èso rẹ̀ kiri, èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ka. Yóò sì ki gbòǹgbò rẹ̀ bọ inú igi láti mu omi rẹ̀. Fífa ewé rẹ̀ já kò tó. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó wà lára rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìsàlẹ̀ ibi tí ó lẹ̀ mọ́.

Eṣinṣin èso pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá ńlá. Ní ọdún 2003 ni a rí irú kan tí ó ti Éṣíà wá ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, láàrin ọdún díẹ̀ ó sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń yé ẹyin sínú mángòrò àti ọsàn, kòkòrò rẹ̀ a sì máa jẹ inú èso títí yóò fi já bọ́. Láti inú èso tí ó já bọ́ ni kòkòrò náà ti ń wọ inú ilẹ̀, tí yóò sì tún jáde bí eṣinṣin. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí èso tí ó já bọ́ sùn sílẹ̀. Ẹ ṣà á lójoojúmọ́, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tàbí kí ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú kí oòrùn sì pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí àwọn èèrà pupa tí ń ran ewé pọ̀ lórí igi, ẹ má ṣe yára fi iná lé wọn. Àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Benin ti fi hàn pé mángòrò tí èèrà wọ̀nyí bá ń gbé lórí rẹ̀ kì í jìyà eṣinṣin èso tó èyí tí kò ní wọn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ta ẹni tí ń ká èso. Ṣùgbọ́n ọ̀lọ́dẹ tí a kì í san owó fún ni wọ́n.

IX. FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ: pé a ó ṣí wa nípò láìpẹ́, nítorí kí ni a ó fi gbin ohun tí ẹlòmíràn yóò jẹ? A kò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí a ti ṣí nípò lẹ́ẹ̀mẹta mọ bí ó ti rí láti fi igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò yíká ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ wà lónìí. Bí igi kan bá wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán, ẹnìkan ni ó gbìn ín, a sì ti ṣí òun náà nípò.

Ohun tí ń pa ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìṣípò fúnra rẹ̀, bí kò ṣe pé ẹni tí ń lọ kì í fi ohunkóhun lé ẹni tí ń bọ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ọgbà. Kí a ya àwòrán ọgbà sí ojú ewé kìn-ín-ní. Lẹ́yìn rẹ̀, kí a kọ nípa igi kọ̀ọ̀kan: irú rẹ̀, ọjọ́ tí a gbìn ín, ibi tí a ti rà á, ọdún tí ó kọ́kọ́ so, àti orúkọ àwọn ọmọ méjì tí ń bomi rin ín. Kí ìwé yìí wà pẹ̀lú àwọn ìwé mìíràn tí olùkọ́ àgbà ń fi lé ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́. Kí a má sì gbàgbé pé ìsinmi Kérésìmesì bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Bí a kò bá yan ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí láti bomi rin igi ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, gbogbo làálàá òjò ti di asán.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí àwọn onílẹ̀ fi ń fi ìyàtọ̀ sí ohun ọ̀gbìn oúnjẹ àti igi tí ń pẹ́ nílẹ̀?
2. Ilẹ̀ kan jẹ́ 40 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 80 ní gígùn. Bí a bá fi 20 sí àárín igi àti igi, àti 10 sí ààlà, ọsàn mélòó ni yóò gbà?
3. Garawa omi mélòó ni àwọn igi inú ìbéèrè kejì yóò mu ní ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀sẹ̀ 20, bí igi kọ̀ọ̀kan bá ń mu méjì lọ́sẹ̀? Ta ni yóò pọn ọ́n?
4. Báwo ni a ó ṣe mọ ọsàn tí a lọ́ yàtọ̀ sí èyí tí a fi kóró gbìn? Kí ni kí a ṣe sí ẹ̀ka tí ó bá rú láti abẹ́ ojú ibi tí a ti lọ́ ọ?
5. Igi wo ni ó wà ní àyíká ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn yín tí ẹ kò mọ ẹni tí ó gbìn ín? Ẹ bi àwọn àgbà, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sínú ìwé ọgbà.

Òjò ń bọ̀. Kí olúkúlùkù mú okùn ìwọ̀n rẹ̀ jáde nísinsìnyí, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ tí a sì lè rí ojú rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé igi kan ṣoṣo ni agbára yín ká ní ọdún yìí, ọ̀kan náà ni kí ẹ gbìn, kí ẹ sì mú un la ẹ̀ẹ̀rùn méjì já.